Ìwé Tí Lesieli Kà Létí Ẹ̀gbọ́n Paluki

Bí ẹnikẹ́ni bá ṣe iṣẹ́ ọnà tán ní abúlé wa ní erékùṣù Vavau, tí kò mọ̀ bóyá ó dára tàbí kò dára, Lesieli ló ń gbé e lọ bá. Àlejò tó bá gbọ́ èyí á ní ṣé orí wa pé ṣá, nítorí Lesieli ò ríran. Èéyi ló bà á lójú jẹ́ nígbà tí kò tíì pààrọ̀ eyín tán. Ṣùgbọ́n ilé oníṣẹ́ ọnà ni wọ́n bí i sí, ilé oníṣẹ́ ọnà ló sì fẹ́ sí. Ìyá rẹ̀ lu èèpo igi di aṣọ títí ó fi re ibi àgbà ń rè. Bàbá rẹ̀ a máa lọ́ okùn àgbọn. Ọkọ rẹ̀, Manase, a máa gbẹ́ igi, a sì máa gbẹ́ egungun àbùùbùtán bí òkun bá ta á lọ́rẹ.

Bí Lesieli bá gba nǹkan lọ́wọ́ ẹ, á kọ́kọ́ gbé e wọ̀n, á fọwọ́ pa á láti òkè délẹ̀, á gbé e símú, nígbà mìíràn á tiẹ̀ fi ahọ́n kàn án. Lẹ́yìn náà á kọjú síbi tí o ò sí, á wá sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ fún ògiri. Ìdí tí a fi fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó máa sọ fún èèyàn pé iṣẹ́ rẹ̀ ò dáa, ó sàn kó má wò ó lójú.

Semisi tó ń ya àwòrán, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìlú ńlá Aukilani dé pẹ̀lú irun gígùn, gbé àwòrán ńlá kan wá bá a lọ́jọ́ kan. Lesieli tẹ imú mọ́ ọn.

"Semisi, kí lo yà síbí?"

"Òkun ni, àǹtí."

"Òkun wo ló ń rùn bí epo ọkọ̀ yìí?"

"Ọ̀dà ni, àǹtí. Kò tíì gbẹ."

"Ìgbì dà?" Semisi mú ìka rẹ̀, ó fi tọ ìgbì náà láti ìsàlẹ̀. Ìka ń gòkè, ó ń gòkè, apá Lesieli nà tán. "Háà! Èyí ga jù, ọmọ yìí. Kò sí ọkọ̀ abúlé wa tó lè là á kọjá. Rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ díẹ̀, kí àwọn apẹja lè rọ́nà wálé."

Semisi ń kùn, ṣùgbọ́n ó rẹ ìgbì náà sílẹ̀. Títí di òní, bó bá ń fi àwòrán náà yangàn, á ní àwọn apẹja lòun ṣàánú.

Lesieli náà ní iṣẹ́ ọnà tirẹ̀. Ìwé ló ń kọ. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn afọ́jú ní ìlú Suva ni wọ́n ti kọ́ ọ, ibẹ̀ ló sì ti gba ẹ̀rọ rẹ̀, èyí tó ń gún bébà kó lè yọ kókó kókó, tí ìka á fi kà á. Bó bá jókòó tì í láàárọ̀, a óò máa gbọ́ ọ lọ́ọ̀ọ́kán bí adìyẹ tó ń ṣa àgbàdo lórí páànù. Ìwé tó ń kọ láti ìgbà pípẹ́ yìí, ìgbésí ayé ara rẹ̀ láàárín àwọn oníṣẹ́ ọnà ni. Ó kọ nípa Manase pé bí igi bá gbọ́ràn sí i lẹ́nu, á máa súfèé. Bí igi bá ṣorí kunkun, á máa kọ orin ìsìnkú. Pé òun kì í bi í bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Ó kọ nípa àwọ̀. Ó ní àwọ̀ díẹ̀ péré lòun rí gbé jáde nínú ìmọ́lẹ̀ kí ilẹ̀kùn tó tì: pupa oje igi tí ìyá òun fi ń kun aṣọ, funfun orí ìyá àgbà, àti bí omi èbúté Neiafu ṣe máa ń rí lẹ́yìn òjò. Bí àwọn obìnrin bá ń pariwo pé pupa yìí mà dáa o, pupa àtijọ́ yẹn lòun ń mú jáde, tí òun á fi wọ aṣọ tuntun náà. Ó lè má jọra. Ẹnikẹ́ni ò sáà tíì dá a padà.

Gbogbo orí ìwé tó bá kọ tán ló ń kà fún ẹgbẹ́ àwọn obìnrin aláṣọ èèpo igi, ní ilé iṣẹ́ wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń kun aṣọ. Ó gbọ́n. Ọwọ́ wọn á ti kún fún oje igi, wọn ò lè sá lọ. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì pákó gígùn tó tẹ̀ bí ẹ̀yìn ọkọ̀ tí a dojú rẹ̀ dé ni wọ́n ń jókòó sí. Wọ́n á so ọnà tí wọ́n fi fọ́nrán àgbọn rán mọ́ pákó náà, wọ́n á tẹ́ aṣọ lé e, wọ́n á máa fi akísà tó mu oje igi ra á, títí ọnà tó wà lábẹ́ á fi yọ sójú aṣọ. Àtẹ́lẹwọ́ ni iṣẹ́ yẹn ń fẹ́, torí náà Lesieli kì í ṣe òǹwòran níbẹ̀. Ó ní àyè tirẹ̀, Paluki ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló sì ń jókòó kọjú sí i láti ìgbà tí àwọn méjèèjì ti jẹ́ ìyàwó tuntun. Bí ọ̀kan bá fa aṣọ, èkejì á dẹ̀ ẹ́. Àwọn tí ò bá mọ èémí ara wọn, wọ́n á fa aṣọ ya sí méjì, wọ́n á sì wá máa wá ẹni tó ya á.

Paluki yìí, ẹ̀rín rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé. Òun náà ni ojú Lesieli láàárín èèyàn. "Lesi, Màmá Fehoko ti ń rojú o, fi orin tù ú." "Lesi, aya alùfáà wọ bàtà tuntun, ó ń fẹ́ kí ẹnì kan bá òun sọ ọ́, bá a sọ ọ́." Ohun tí ojú ń jẹ láwùjọ, Paluki ló ń fi sí i lẹ́nu.

Ẹ tún mọ bó ṣe rí nílẹ̀ wa láàárín arákùnrin àti arábìnrin. Wọn kì í jọ gbọ́ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ pa pọ̀. Bí rédíò bá bẹ̀rẹ̀ orin ẹni tó ń ṣàárẹ̀ nítorí ọmọge, tí tọkùnrin tobìnrin ọmọ ìyá sì wà nílé, ọ̀kan nínú wọn á rántí kíá pé ẹlẹ́dẹ̀ ò tíì jẹun. Ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ sọ pé "ẹ dákẹ́, tẹ̀gbọ́n tàbúrò wà níbí," nítorí ẹni tó bá sọ ọ́ ti jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀ láti gbọ́. Ikọ́ là ń wú. Bí a bá wúkọ́, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ á gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ gba ọ̀nà mìíràn. Lesieli mọ ikọ́ yẹn dáadáa. Òun ló ti ń gbára lé látìgbà èwe.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, wọ́n ń kun aṣọ ayẹyẹ ilé ẹ̀kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Màmá Fehoko, olórí ẹgbẹ́, ní, "Lesi, ka tiẹ̀ fún wa, kí ọwọ́ má sùn." Lesieli nu ọwọ́, ó bọ́ sórí àpótí, ó tẹ́ ìwé sórí eékún. Orí tuntun ni, nípa ìgbà tí wọ́n wà ní ọmọge, tí àwọn ọmọkùnrin ń gbé gìtá wá sẹ́yìn ilé àwọn aláṣọ. Ó kà nípa Manase tó gbẹ́ ìyarun fún un, tí eyín ìyarun náà gùn ju ti ẹṣin lọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó wá kan Paluki. Ọmọkùnrin kan láti erékùṣù kejì wá kọrin fún Paluki lójú fèrèsé, bàbá Paluki wúkọ́ nínú ilé, ọmọkùnrin náà fò sínú ilé ẹlẹ́dẹ̀ olókùúta, ó bá abo ẹlẹ́dẹ̀ àtàwọn ọmọ rẹ̀ níbẹ̀.

Ibi tí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín yìí ni Sosefo, ẹ̀gbọ́n Paluki, gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé. Díákónì ni, èèyàn gbọ̀ngbọ̀nràn, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ lásán ló ń rìn. Màmá Fehoko ló bẹ̀ ẹ́ láti wá kan ẹsẹ̀ pákó tó ń mì, màmá sì ti gbàgbé. Ìṣó kún ẹnu ọkùnrin náà, kò lè kí ẹnikẹ́ni. Ó kàn mi orí, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wọ abẹ́ pákó níbi tó jìnnà jù.

Ìyàwó kan tó jókòó nítòsí ibẹ̀ wúkọ́. Ẹlòmíì wúkọ́. Láìpẹ́, gbogbo ilé ń wúkọ́ bí ilé aláìsàn. Ṣùgbọ́n ìwé ń dùn mọ́ Lesieli lẹ́nu. Ẹ̀rín tí wọ́n ń pa mọ́ra ló pè é.

"Ẹ rọra o," ó ní, "ibi tó dùn ò tíì dé."

Ó gbé ohùn sókè kí ikọ́ má bò ó mọ́lẹ̀. "Paluki wọ ilé ẹlẹ́dẹ̀ olókùúta náà tọ̀ ọ́ lọ láti nu ẹrẹ̀ kúrò lójú rẹ̀. Kò mú aṣọ ìnujú dání. Ẹ wá bi mí, kí ló fi nu ún? Ẹnu tirẹ̀ ni..."

Gbàgà! Orí ẹnì kan kọ lu abẹ́ pákó. Ìṣó fọ́n ká ilẹ̀. Lesieli gbọ́ tí ẹnì kan gba ẹnu ọ̀nà sáré jáde, aṣọ rẹ̀ ń fẹ́ lẹ̀lẹ̀. Ó tún gbọ́ tí ẹnì kan tó wúwo gba ojú fèrèsé.

"Ta ló jáde?" Lesieli bèèrè.

"Paluki ni," Màmá Fehoko dáhùn.

"Ta ló gba fèrèsé, màmá?"

Màmá Fehoko mí kanlẹ̀. "Lesieli ọmọ mi, òòlù tó wà nílẹ̀ yìí, ti Sosefo ni."

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àyè tó kọjú sí Lesieli ṣófo. Paluki ránṣẹ́ pé ẹ̀yìn ń dun òun. Wọ́n fi ìyàwó kékeré kan síbẹ̀, ọmọ náà ń fa aṣọ bí ẹni ń fa ẹja ńlá sínú ọkọ̀. Ìgbà tó dẹwọ́, Lesieli fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹ̀yìn lélẹ̀. Ọjọ́ yẹn kan náà, ẹ̀rín Paluki ń dún lọ́nà ilé búrẹ́dì. Ẹ̀yìn tó ń dun èèyàn kì í rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀ṣì ọjọ́ Àìkú, Lesieli na ọwọ́ sórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, igi tútù ló bá. Aya alùfáà kí i, kò mọ ohun tó lè bá a sọ. Bóyá ó tún wọ bàtà tuntun, ta ló máa sọ fún un? Aláṣọ pọ̀ ní abúlé. Paluki kan ṣoṣo ló wà, bí ìyẹn bá lọ, ojú Lesieli kejì fọ́ nìyẹn.

Manase ń fá egungun ẹja lẹ́nu ọ̀nà. "Yọ orí ìwé yẹn kúrò, kó tán," ó ní. "Bí igi bá ní kókó níbi tí kò yẹ, mo máa ń gé e dànù ni."

"Irọ́ ńlá. O máa ń sọ kókó náà di ojú ẹja ni, wàá sì ní òun ló mú kí ó wọ́n."

Manase rẹ́rìn-ín títí. Ó fá egungun díẹ̀ sí i. "Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n Lesi, igi tó wà nínú oko olóko, ṣé o ti rí mi tí mo gé e rí láì kan ilẹ̀kùn olóko?"

Lesieli fọwọ́ kan etí ara rẹ̀. Èèyàn ti ń sọ ọ̀rọ̀ sí i létí láti kékeré, nítorí kì í wò wọ́n. Ó ti wá ń rò pé gbogbo ohun tó bá wọ etí òun, tòun ni.

"Bá mi já ewé ìfì wá," ó ní.

Nílẹ̀ wa, ọ̀ràn tó bá ti débi ewé lọ́rùn, ẹ̀bẹ̀ ńlá ni. Lesieli so ewé náà mọ́rùn, ó ró ẹní gbígbó tó ti ya mọ́dìí, Manase gbé gbòǹgbò kava tí a máa ń pò mu, ó sì fà á lọ́wọ́ lọ sílé Sosefo. Lesieli jókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ lójúde, ó tẹrí ba. Ṣùgbọ́n báwo lèèyàn ṣe ń bẹ̀bẹ̀ fún ohun tí kò ṣeé dárúkọ?

"Kí ló dé?" Sosefo ní. "Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀."

"Kí lo ṣe?"

"Ohun tí mo ṣe náà ni, ẹ̀gbọ́n."

"Èmi ò gbọ́ nǹkan kan o. Ìṣó ni mo ń kàn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n. Ìṣó ń dún gan-an."

Sosefo gba kava, ó yọ ewé kúrò lọ́rùn rẹ̀, ó ní kó dìde nílẹ̀ tó tutù. Wọ́n ti ń lọ nígbà tó tún pè é. "Lesieli. Bí ẹnì kan, níbì kan, bá fẹ́ kọ̀wé nípa ilé ẹlẹ́dẹ̀ kan, kó má kọ ọ́ pé òkúta ni. Ọparun ni. Ó dá mi lójú, nítorí èmi ni mo kọ́ ọ." Manase wúkọ́, wọ́n sì yára rìn.

Wọ́n tún já ewé mìíràn fún ti Paluki. Ẹ̀yìnkùlé ló wà, ó ń lu èèpo igi. Manase fi Lesieli jókòó sílẹ̀, ó sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Paluki ò dẹ́kun lílù.

"Ta ló jókòó síbẹ̀ bí àpò ẹ̀gẹ́?"

"Èmi ni."

"Ewé yẹn ò yẹ ẹ́."

"Mi ò rí i."

Òòlù fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín, ó tún le padà. Lesieli ní, "Mo ti bẹ ẹ̀gbọ́n. Ó ní òun ò gbọ́ nǹkan kan."

"Ẹ̀gbọ́n á gbàgbé. Ìtìjú ọkùnrin kì í ju oṣù kan lọ, bí oúnjẹ bá ń lọ déédéé." Paluki gbé òòlù sílẹ̀. "Ṣé torí ẹ̀gbọ́n lo rò pé mo ṣe ń bínú? Lesi, ọjọ́ wo ni mo sọ ìtàn yẹn fún ẹ?"

Lesieli ronú. "Ọjọ́ tí a sin ìyá rẹ."

"Kí ni mo sọ? Mo ní ìyá mi ló gbọ́ igbe ẹlẹ́dẹ̀. Ìyá mi ló ṣí ọparun, tó fa ọmọkùnrin yẹn jáde, tó bu kókò gbígbóná pẹ̀lú omi àgbọn fún un jẹ, kó tó wá fi ìgbálẹ̀ lé e dé etí omi. Èmi ń sunkún lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ìyá mi ò sì sọ fún bàbá mi títí wọ́n fi kú. Gbogbo ìyẹn dà nínú ìwé ẹ?"

"Mo yọ ọ́," Lesieli ní. "Ó ń fa ẹ̀rín sẹ́yìn."

"O mú ẹlẹ́dẹ̀, o fi ìyá mi sílẹ̀."

Wọ́n máa ń ní bí afọ́jú bá ní òun á sọ èèyàn lókò, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wà lórí òkúta ni. Ti Lesieli yìí, ó ti sọ òkò kó tó mọ̀ pé ẹsẹ̀ ọ̀rẹ́ òun lòun gbé nílẹ̀. Ó kàn jókòó síbẹ̀, ewé ń họ ọ́ lọ́rùn, omi sì ń jáde lójú tí kò ríran.

"Má sunkún síbẹ̀, àwọn ará ilé mi á rò pé mo lù ẹ́," Paluki ní.

"Sọ ọ́ fún mi lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí o bá ṣe sọ ọ́ ni màá ṣe kọ ọ́. Bí o bá ní kí n má kọ ọ́, mi ò ní kọ ọ́."

Paluki mú òòlù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lu èèpo igi rẹ̀. Nígbà tó pẹ́, Manase wá mú aya rẹ̀ lọ sílé. Ewé wà lọ́rùn rẹ̀ síbẹ̀, kò sẹ́ni tó bá a yọ ọ́.

Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, Lesieli jókòó sáyè rẹ̀, ó ń dúró de ìyàwó kékeré àti fífà rẹ̀. Ìgbà tó yá, ẹnì kan dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Gbogbo ọkùnrin tó bá wà lábẹ́ nǹkan kan," ẹni náà kígbe, "ẹ jáde!"

Ilé bú sẹ́rìn-ín. Paluki tẹ orí ba, ó wo abẹ́ pákó, ó wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó tún ṣí ìkòkò oje igi wò. Ó lé ìyàwó kékeré dìde, ó jókòó. "Lesi, ẹ̀rọ ẹ dà? Gbé e lé eékún. Ẹ̀yin tó kù, ẹ máa ra aṣọ, kò sẹ́ni tó pè yín."

Ó sọ ọ́, Lesieli ń gún un. Ó sọ nípa fèrèsé, nípa gìtá, nípa ọparun. Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé Màmá Fehoko kun ọwọ́ ara rẹ̀ dípò aṣọ. Nígbà tó kan nínu ojú, Paluki ní, "Má kọ ìyẹn."

"Mo ti kọ ọ́."

"Gún un pa."

Lesieli gún un pa. Paluki tún ronú. "Ó dáa, dá a padà. Ṣùgbọ́n kọ ọ́ pé ọmọkùnrin náà dára lójú. Nínú ẹrẹ̀ gan-an, ó dára lójú."

Ó wá dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀. Ó sọ bí ìyá ṣe gbé àtùpà jáde, bó ṣe bu kókò sínú ewé, bó ṣe dúró wo ọmọ ọlọ́mọ títí ó fi jẹun tán. Ẹ̀rọ ń dún, kò sẹ́ni tó ń rẹ́rìn-ín mọ́. "Ìyá mi wá yíjú sí mi," Paluki ní, "wọ́n ní..." Àwọn obìnrin ń ra aṣọ lọ. Ìka Lesieli wà lórí ẹ̀rọ.

"Wọ́n ní kí ni?"

"Gbé ẹ̀rọ yẹn sílẹ̀, aṣọ ń gbẹ."

"Ìyókù ńkọ́, Paluki?"

"Ìyókù, mo ṣì ń lò ó," Paluki ní, ó sì fa aṣọ.